Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ Aláwọ̀ Ewé

Wilmar Echenique ti ra àwo kan náà nígbà mọ́kànlá.
Orin kan náà, obìnrin kan náà tó húkọ́ díẹ̀
kí fèrè tó wọlé.
Graciana aya rẹ̀ ní: "Ṣé orin ọ̀hún á yí padà
bó o bá tún un rà ni?"
Kò dá a lóhùn. Kì í ṣe etí ló fi ń rà á.

Bébà róbótó àárín àwo ló ń rà,
tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ,
níbi tí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ti na apá lórí orúkọ ilé-iṣẹ́.
Èyí tí wọ́n tẹ̀ ní Buenos Aires kọjú sí ọ̀tún,
ilẹ̀ rẹ̀ pupa bí ẹran tútù.
Ti Santiago, wọ́n gé ẹyẹ nírù; bóyá ọ̀bẹ ẹni tó fín in ló kú.
Ti Asunción, wọ́n jẹ lẹ́tà kan nínú orúkọ akọrin.
Ti Montevideo wa níbí, ìlú tí kì í pariwo,
ẹyẹ kọjú sí òsì, bí ẹni tó ń wo odò,
pupa rẹ̀ sì ti ń ṣá kí wọ́n tó kó o dé ìsọ̀.

Èmi ayálégbé òkè ni mò ń bá a kọ ọ́ sílẹ̀,
torí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n.
"Kọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ṣóńṣó irin ha
síbi tí abẹ́rẹ́ ti ń sinmi:
méje, ìlà, B, àgbélébùú kékeré kan."
Ta ló ya àgbélébùú náà? A ò mọ̀. Mo kọ ọ́.
Mo kọ ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù,
torí lọ́dún tí epo wọ́n, wọ́n yọ́ àwo tí kò tà
pọ̀ mọ́ tuntun, bí o bá sì gbé e sí oòrùn
wàá rí èérún bébà àtijọ́ nínú dúdú rẹ̀,
bí eegun ẹja nínú ọbẹ̀.
Ẹrẹ̀ lórí ẹrẹ̀, ẹnu lásán, bí ẹyẹ náà ṣe ń mọlé.

Lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù Keje, tí òtútù ń já ni jẹ,
lọ́jà àlòkù Tristán Narvaja,
láàárín kọ́kọ́rọ́ tí kò nílẹ̀kùn mọ́,
ó fa ìkejìlá yọ. Ó dákẹ́.
Ẹyẹ kọjú sí òsì. Nọ́ńbà pé. Àgbélébùú wà níbẹ̀.
Ṣùgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀, àwọ̀ ewé.

Oṣù mẹ́ta la fi kọ lẹ́tà.
Ará Rosario kan ní ti rédíò ni, wọn ò tà á fáráyé.
Ará Curitiba ní ayédèrú ni, kí a jù ú nù.
Ìgbà tó yá la rí Eloísa Bentancor ní La Teja,
ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, tó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Tàdáwà pupa ló tán!
Wọ́n ń yanṣẹ́ lódì ní èbúté, ọ̀gá ti lọ sílé.
Àwọ̀ ewé tí a fi ń tẹ páálí ọṣẹ ló kù nílẹ̀.
Mo tẹ igba ó lé mẹ́wàá, mo sáré lọ.
Ibà ń ṣe ọmọ mi."
Ó fi àtàǹpàkò kan ẹyẹ náà lórí.
"Ó sàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Òun nìyẹn lẹ́yìn yín."
A bojú wẹ̀yìn: baba apárí kan
tó ń da omi gbígbóná sórí ewé máté.

Nínú ìwé wa, àyè tí a pè ní *Ìdí* kò ju ìka méjì lọ.
Wilmar ní: "Kọ: tàdáwà tán."
Mo kọ ọ́. Mo wá fún ibà ọmọ náà mọ́ etí bébà,
ní lẹ́tà wínníwínní. Ó rí i. Kò pa á rẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ó gbé àwo sórí ẹ̀rọ,
èyí tí n kò rí i kó ṣe rí.
Obìnrin náà húkọ́, fèrè wọlé,
Graciana sì yọjú láti ilé ìdáná, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ìyẹ̀fun:
"Ohun tí wọ́n ń kọ látọjọ́ yìí nìyí?
Ó mà dùn o."